Ògiri-Iná Tàbí Aṣọ́bodè: Àyẹ̀wò Lámèyítọ́ Lórí Yíyan Rúta fún Ilé ní Ilẹ̀ Rẹ́mọ

Ìfáàrà

Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò nínú bébà yìí ni ọ̀nà tí ó yẹ kí onílé gbà yan rúta, ìyẹn ẹ̀rọ tí ń pín íntánẹ́ẹ̀tì káàkiri ilé, nígbà tí ó bá fẹ́ ya àwọn ẹ̀rọ inú ilé rẹ̀ sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí kámẹ́rà má máa rí kọ̀ǹpútà, kí àlejò má sì máa rí ìwé onílé. Ó ṣeé ṣe kí ẹnìkan béèrè pé kí ni ó kan ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ èdè àti lítíréṣọ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ìdáhùn wa ni pé orúkọ tí a bá fún nǹkan ni ó ń tọ́ ẹni tí ó fẹ́ rà á sọ́nà. Ẹni tí ó bá gbọ́ "ògiri" yóò lọ wá ohun tí ó nípọn. Ẹni tí ó bá gbọ́ "aṣọ́bodè" yóò béèrè irú ẹni tí aṣọ́bodè náà jẹ́, iṣẹ́ tí a lè rán an, àti ẹni tí ó ń gbọ́ràn sí lẹ́nu. Èrò wa ni pé ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ ti ṣi ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́nà, àti pé ìtàn Rẹ́mọ fúnra rẹ̀ ní àwòrán tí ó bá iṣẹ́ ẹ̀rọ yìí mu ju èyí tí a yá lọ.

Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá apá kìíní, tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ tí ó sì jáde ní 1984, dúró lórí ẹ̀kọ́ èdè, lítíréṣọ̀ àti ọgbọ́n ìkọ́ni. Kò kan ọ̀rọ̀ rúta, kò sì yẹ kí a retí pé kí ó kàn án. Àwa tí a wà lẹ́yìn ni iṣẹ́ náà kù sí lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ náà "ògiri-iná"

Lọ́dọ̀ àwọn tí ń kọ́lé ni Gẹ̀ẹ́sì ti mú ọ̀rọ̀ tí àwọn kan ń túmọ̀ sí ògiri-iná. Ògiri tí a mọ sí àárín ilé méjì ni, pé bí iná bá ń jó ọ̀kan, kí ó má baà ràn mọ́ èkejì. Bí a bá túmọ̀ rẹ̀ ní tààrà, ìṣòro kan yọjú. Ní Yorùbá, nígbà tí ọ̀rọ̀-orúkọ méjì bá tẹ̀ lé ara wọn, èkejì lè sọ ohun tí a fi ṣe èkíní, bí ó ti rí nínú ògiri amọ̀ àti àga igi. Ìtumọ̀ yìí ni ó kọ́kọ́ ń wá sọ́kàn ẹni tí ó bá gbọ́ ògiri-iná: ògiri tí ń jó lálá, tí yóò jó ẹni tí ó bá fọwọ́ kàn án.

Àwọn tí ó fara mọ́ ọ̀rọ̀ náà lè dá wa lóhùn pé ọ̀rọ̀ kejì tún lè jẹ́ ohun tí èkíní ń dènà. Aṣọ òjò kì í ṣe aṣọ tí a fi òjò hun. Ẹ̀wù òtútù kì í tutù. Oògùn ibà kì í fa ibà. A gbà bẹ́ẹ̀. Gírámà kò dá ògiri-iná lẹ́bi. Inú ògiri gan-an ni àléébù rẹ̀ wà. Ògiri kì í bi ènìyàn léèrè ọ̀rọ̀. Kò mọ ẹni tí ń bọ̀ yàtọ̀ sí ẹni tí ń lọ, kò lè rántí pé ẹni tí ó ń kànlẹ̀kùn yìí ni a rán ọmọ ilé lọ pè ní ìṣẹ́jú kan sẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, iṣẹ́ tí ètò inú rúta ń ṣe nìyí gẹ́lẹ́. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí ń gba inú íntánẹ́ẹ̀tì kọjá ni a ń dì ní ìdì kéékèèké. Lára ìdì kọ̀ọ̀kan ni a kọ ibi tí ó ti wá, ibi tí ó ń lọ, àti nọ́ńbà ẹnu ọ̀nà tí ó fẹ́ kàn. Ètò náà yóò ka nǹkan wọ̀nyí, yóò wò ó bóyá èsì ìbéèrè tí ẹnìkan nínú ilé kọ́kọ́ béèrè ni, yóò sì pinnu: kọjá, tàbí padà, tàbí kí ó sọ ọ́ nù láìfèsì. Ẹni tí ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ láàárín Yorùbá ní orúkọ. Oníbodè ni àwọn bàbá wa ń pè é. Lónìí a ń pe àwọn tí ń yẹ ẹrù wò ní ẹnu ààlà orílẹ̀-èdè ní aṣọ́bodè. Orúkọ kejì yìí ni a óò máa lò láti ìsinsìnyí lọ, nítorí pé owó ibodè kò sí nínú iṣẹ́ rúta.

Ibodè ní ilẹ̀ Rẹ́mọ

Ìtàn fi hàn pé ní 1872 ni àwọn ìlú Rẹ́mọ kan, tí ogun ti dà láàmú, kó ara wọn jọ sí ojú kan tí ó di Ṣàgámù. Mẹ́tàlá ni a máa ń ka àwọn ìlú náà. Ohun tí ó ṣe pàtàkì fún iṣẹ́ wa ni pé ìkójọ yìí kò pa wọ́n rẹ́ mọ́ra wọn. Ọ̀fin ni Akárígbò ń jókòó sí. Mákùn ní Ewùsì tirẹ̀. Àwọn tí ó kù náà mú orúkọ wọn àti olórí wọn dání wá. Lójú ẹni tí ó wà lóde, ìlú kan ṣoṣo ni. Lójú ẹni tí ó wà nínú, mẹ́tàlá ni, ohun tí ó sì jẹ́ ti Mákùn kò di ti Ọ̀fin nítorí pé wọ́n jọ ń gbé pọ̀.

Ẹ̀rí kejì tún wà. Kí ogun Ìmàgbọ̀n ti 1892 tó ṣẹlẹ̀, àwọn Ìjẹ̀bú kì í jẹ́ kí àjèjì la ilẹ̀ wọn kọjá bí ó ti wù ú. Ẹrù ni ó ń kọjá, olówò ń dúró. Àwọn ará òkè ń ná ọjà ní ààlà, bí i ní Òrù. Àwọn ará Èkó ń dúró ní Ẹ̀jìnrìn létí ọ̀sà. Àwọn ọmọ ilẹ̀ ni ó ń gbé ẹrù láàárín méjèèjì. Ní apá Rẹ́mọ, Ìkòròdú ni ojú omi wọn, àwọn tí ń ti ibẹ̀ gòkè sì ń bá ibodè pàdé lọ́nà. A kò sọ èyí láti fi yìn wọ́n. Títì tí a ń ti ọ̀nà pa mọ́ àwọn oníṣòwò wà lára ohun tí ìjọba Èkó rí wí nígbà tí ó gbógun ti Ìjẹ̀bú. Ohun tí a fẹ́ fà yọ ni pé kì í ṣe ògiri ni ó ṣe iṣẹ́ náà. Erédò Ṣùngbọ́, tí ó yí apá kan ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká tó nǹkan bí 160 kìlómítà, kò lè sọ ẹni tí ó ń kọjá. Ẹni tí ó dúró ní ẹnu ọ̀nà ni ó lè sọ ọ́.

Lítíréṣọ̀ ara páálí

Bí lámèyítọ́ bá lè ka oríkì àti ewì, kò sí ìdí tí kò fi lè ka ọ̀rọ̀ ara páálí tí a ń kó rúta sí. Oríkì ni òun náà, ó sì ní àbùmọ́ bí oríkì. Ohun tí ó kọ́kọ́ ń yìn ni iye áńténà tí ó yọ síta bí ìwo, lẹ́yìn náà iye yàrá tí Wáì-fáì rẹ̀ yóò dé, lẹ́yìn náà nọ́ńbà ńlá kan. Ẹ jẹ́ kí a mú èyí tí a kọ AX3000 sí lára. Nọ́ńbà yìí jẹ́ àròpọ̀ 574 àti 2402, ìyẹn ìyára orí ìgbì rédíò méjì tí ẹ̀rọ náà ń lò, tí a wá sún sókè díẹ̀ kí ó lè dọ́gba. Fóònù kan tí ó bá wà lórí ọ̀kan nínú ìgbì méjèèjì kò lè rí 3000 náà láéláé. Ní ìsàlẹ̀ páálí, ní lẹ́tà kéékèèké, ni a óò ti rí i pé ẹ̀rọ náà ní ètò aṣọ́bodè. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo rúta ilé ni ó ní i, ohun kan ṣoṣo ni èyí tí ó wà nínú ọ̀pọ̀ wọn sì mọ̀ ọ́n ṣe: láti dá ẹni tí ó ti òde wá láìpè padà. Ohun tí ń ṣẹlẹ̀ láàárín àwọn ará ilé kò kàn án.

Ẹ jẹ́ kí a gbé ilé kan kalẹ̀ ní Ṣàgámù tàbí ní Ìkẹ́nnẹ́. Onílé ń gbé òkè. Ayálégbé mẹ́ta wà nísàlẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù kan wà níwájú tí a ti ń lo ẹ̀rọ POS àti kọ̀ǹpútà tí ìwé ìṣirò wà nínú rẹ̀. Kámẹ́rà mẹ́rin wà lára ògiri, wáyà ni ó so wọ́n mọ́ àpótí tí ń gba àwòrán sílẹ̀. Tẹlifíṣàn tí ń lo íntánẹ́ẹ̀tì wà ní pálọ̀. Gbogbo wọn ń lo rúta kan tí ilé-iṣẹ́ fóònù tà fún onílé, ọ̀rọ̀ ìwọlé kan náà sì ni gbogbo ènìyàn mọ̀. Nínú irú ilé báyìí, ẹnikẹ́ni tí ó bá ti wọlé ti wọ gbogbo yàrá. Bí ẹ̀rọ kan bá bàjẹ́ lọ́wọ́ ọmọ ayálégbé, ó lè máa kan ilẹ̀kùn kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù ní òru, aṣọ́bodè kò sì ní mọ̀, nítorí pé ẹ̀yìn rẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti ń ṣẹlẹ̀.

Kò yẹ kí a ka èyí sí ìbẹ̀rù lásán. Ní 2016, ètò burúkú kan tí a ń pè ní Mirai wọ inú ọ̀kẹ́ àìmọye kámẹ́rà àti rúta ilé káàkiri ayé. Kò fọ́ ògiri kankan. Àkójọ bí ọgọ́ta orúkọ àti ọ̀rọ̀ ìwọlé tí àwọn tí ó ṣe ẹ̀rọ fi sí i láti ilé-iṣẹ́ ni ó ń gbìyànjú, nítorí pé àwọn tí ó ra ẹ̀rọ náà kò yí i padà. Ní ọdún náà gan-an ni a fi irú ogun ẹ̀rọ yìí kọlu Lonestar, ilé-iṣẹ́ fóònù ní Làìbéríà nítòsí wa níhìn-ín. Daniel Kaye, ará Bìrìtéènì, ni ó ṣe é, ẹnìkan ní ilé-iṣẹ́ tí ń bá Lonestar díje ni ó sì gbà á síṣẹ́. Ilé-ẹjọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù rán an lẹ́wọ̀n ọdún méjì àti oṣù mẹ́jọ ní oṣù Kìíní 2019. Àwọn kámẹ́rà tí ó fi jagun ti wà lára ògiri àwọn tí ó rà wọ́n kí olè má baà wọlé. Ní Bìrìtéènì, òfin tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 29 oṣù Kẹrin 2024 ti ka irú ọ̀rọ̀ ìwọlé àjùmọ̀ní bẹ́ẹ̀ léèwọ̀ lára ẹ̀rọ tí a bá tà níbẹ̀. Àwọn ẹbí wa tí ń fi ẹ̀rọ ránṣẹ́ wálé láti ibẹ̀ lè má mọ̀ pé èyí tí wọ́n rà kí ọjọ́ náà tó pé kò sí lábẹ́ òfin yẹn.

Ìwà aṣọ́bodè

Ohun tí ọ̀pọ̀ rúta fi ń dá wa lóhùn ni Wáì-fáì àlejò. Ó dára ju òfìfo lọ, ṣùgbọ́n ó ní ibi tí ó mọ. Àkọ́kọ́, ti Wáì-fáì nìkan ni, àpótí kámẹ́rà wa tí ó ń lo wáyà kò lè wọ inú rẹ̀. Èkejì, ẹ̀ka kan ṣoṣo ni a sábà máa ń rí, ilé wa sì nílò mẹ́rin: ti onílé, ti ṣọ́ọ̀bù, ti ayálégbé, ti kámẹ́rà. Ẹ̀kẹta ni ó burú jù. Lára ọ̀pọ̀ rúta, bí a bá sọ ẹ̀rọ náà di ibi ìfọ́nká Wáì-fáì lásán lẹ́yìn rúta mìíràn, ìyàsọ́tọ̀ àlejò yóò dáwọ́ iṣẹ́ dúró, orúkọ "àlejò" yóò sì máa hàn lójú fóònù bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀.

Ọ̀nà tí ó péye ni pé kí rúta lè fi nọ́ńbà sára ìdì ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan láti fi àdúgbò tí ó ti wá hàn. Ìlànà 802.1Q ti ẹgbẹ́ IEEE, tí ó jáde ní 1998, ni ó sọ bí a ó ṣe ṣe é. Àyè tí ó fi sílẹ̀ fún nọ́ńbà náà lè gba àdúgbò 4094, nítorí náà ìlú mẹ́tàlá kò lè ni ín lára. Níhìn-ín ni a ti máa ń ṣi òye pọ̀. Fífi nọ́ńbà sára àdúgbò kò tíì ti ilẹ̀kùn. Bí rúta kan náà bá ń sin gbogbo àdúgbò, ó lè máa gbé ọ̀rọ̀ láti ọ̀kan sí èkejì fàlàlà, àfi bí a bá sọ fún aṣọ́bodè pé kí ó má ṣe bẹ́ẹ̀.

Ìwà aṣọ́bodè sì yàtọ̀ láti ẹ̀rọ dé ẹ̀rọ, èyí ni a sì rò pé ó yẹ kí olùrà kọ́kọ́ béèrè. MikroTik ń gbà kí àdúgbò bá àdúgbò sọ̀rọ̀ títí di ìgbà tí onílé bá kọ òfin tí ó dá a dúró. Ọ̀yàyà ni, ó sì ń gbọ́ràn, ṣùgbọ́n kò ní ṣe ohun tí a kò sọ. Ti pfSense yàtọ̀: ẹnu ọ̀nà tuntun tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ là, tí a kò tíì kọ òfin sí, kò jẹ́ kí ohunkóhun kọjá. OpenWrt ń kó ẹnu ọ̀nà jọ sí àgbègbè, àgbègbè kan kì í sì í ráyè dé òmíràn bí a kò bá dárúkọ ọ̀nà náà. Fún ẹni tí kò ní àkókò láti máa yẹ iṣẹ́ ara rẹ̀ wò lẹ́ẹ̀mejì, a fara mọ́ ìwà méjì ìkẹyìn wọ̀nyí. Ẹni tí ó gbàgbé òfin kan lórí wọn yóò rí i kíákíá, nítorí pé nǹkan kan kò ní ṣiṣẹ́. Ẹni tí ó gbàgbé lórí èkíní lè má rí i títí ọdún yóò fi yípo.

Ètò òfin náà ní gírámà tirẹ̀. Òkè ni a ti ń kà á wá sílẹ̀, òfin àkọ́kọ́ tí ó bá bá ìdì náà mu ni ó sì ń ṣẹ. Nítorí náà ẹni tí ó bá kọ "dá gbogbo ènìyàn dúró" sí òkè ti sọ gbogbo ohun tí ó kọ sísàlẹ̀ di òfo. Fún ilé tí a gbé kalẹ̀, a dá a lábàá pé kí òfin àkọ́kọ́ jẹ́ pé kí èsì máa kọjá. Lẹ́yìn náà, onílé lè lọ wo kámẹ́rà. Kámẹ́rà kò gbọdọ̀ lọ sí ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni, kò sì gbọdọ̀ jáde sí íntánẹ́ẹ̀tì. Ayálégbé àti ṣọ́ọ̀bù lè jáde, ṣùgbọ́n wọn kò lè dé ọ̀dọ̀ ara wọn. Ohun kan wà tí a máa ń gbàgbé: ààfin aṣọ́bodè fúnra rẹ̀. Bí a kò bá sọ ọ́, ayálégbé lè ṣí ojú ìwé tí a fi ń ṣàkóso rúta kí ó sì máa gbìyànjú ọ̀rọ̀ ìwọlé. Ẹnu ọ̀nà 53 tí a fi ń béèrè orúkọ ojúlé, àti 67 tí a fi ń gba àdírẹ́sì, ni kí a ṣí sílẹ̀ fún un, kí a sì ti ìyókù.

Ìpín yìí ní owó tí a ń san fún un. Fóònù tí ó ń wá tẹlifíṣàn kí ó lè gbé fídíò sórí rẹ̀ máa ń ké pè é láàárín àdúgbò tirẹ̀ nìkan. Igbe náà kì í kọjá ibodè. Bí a bá fi tẹlifíṣàn sí àdúgbò mìíràn, àwọn ọmọ ilé yóò wí pé bàbá ti ba nǹkan jẹ́. Ètò tí ń tún igbe náà ké láti àdúgbò kan sí èkejì wà, ṣùgbọ́n ní ilé tí a kò ti fẹ́ wàhálà, kí a fi tẹlifíṣàn sọ́dọ̀ àwọn fóònù onílé ni ó rọrùn jù.

Ohun tí ó kù nípa rírà

Ọ̀rọ̀ iná mànàmáná kò ṣeé fò. Ẹ̀rọ pfSense ń fẹ́ kọ̀ǹpútà, kọ̀ǹpútà àgbà tí ó ti gbó sì lè jẹ iná ní ìlọ́po mélòó kan ohun tí rúta kékeré ń jẹ. Púpọ̀ nínú àwọn rúta kékeré ń lo fóltì 12, bátìrì kékeré kan sì lè gbé e dúró nígbà tí iná bá lọ. Ní Rẹ́mọ, àǹfààní yìí wúwo lójú wa ju ẹwà ojú ìwé pfSense lọ.

Ọjọ́ orí ètò inú ẹ̀rọ ni ó tẹ̀ lé e. Ní 2018, ètò burúkú tí a pè ní VPNFilter wọ inú nǹkan bí rúta 500,000 ní orílẹ̀-èdè 54, ti Linksys, MikroTik, Netgear àti TP-Link wà lára wọn. Rúta tí ẹni tí ó ṣe é kò tún ètò rẹ̀ ṣe mọ́ dà bí aṣọ́bodè tí ó ti sùn. Ìdí nìyí tí a fi yan èyí tí ó lè gba OpenWrt. Láti ara Linksys WRT54G ni OpenWrt ti ṣẹ̀ ní 2004, lẹ́yìn tí ilé-iṣẹ́ náà ti fi kóòdù ètò inú rẹ̀ síta ní 2003, àwọn tí ń tọ́jú rẹ̀ sì ń tún un ṣe fún ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tí ilé-iṣẹ́ tí ó bí wọn ti pa tì. Kí olùrà yẹ ìsàlẹ̀ ẹ̀rọ wò kí ó tó sanwó. Orúkọ kan náà lè jẹ́ v1 tàbí v3, kí ohun inú wọn má sì bára mu, kí ọ̀kan gba OpenWrt kí èkejì kọ̀ ọ́.

Ẹni tí owó rẹ̀ kò tó lè ra rúta kejì tí kò wọ́n, kí ó so ó mọ́ ẹ̀yìn ti ilé-iṣẹ́ fóònù. Kámẹ́rà àti àlejò yóò wà lára ti iwájú, onílé àti ìwé rẹ̀ yóò wà lẹ́yìn èkejì, èkejì yóò sì máa dá àwọn ti iwájú padà. Kò pé, nítorí pé àárín àlejò ni ọ̀rọ̀ onílé yóò máa gbà jáde, àwọn ti iwájú yóò sì máa rí ara wọn. Ṣùgbọ́n ó ya onílé sọ́tọ̀. Ẹni tí ó bá ra èyí tí a yàn lókè gbọ́dọ̀ ṣe òdì-kejì: kí gbogbo ẹ̀rọ wà lẹ́yìn rúta tuntun, kí ó sì pa Wáì-fáì ti àtijọ́. Ẹni tí ń lo Starlink, tí ó dé Nàìjíríà ní 2023, lè sọ fún rúta rẹ̀ pé kí ó yọ ara rẹ̀ kúrò nínú iṣẹ́, kí tuntun gbà á. Bí a bá gbàgbé èyí, ọ̀rọ̀ ìwọlé àtijọ́ tí gbogbo ayálégbé mọ̀ yóò ṣì máa ṣí ilẹ̀kùn kan tí kò gba ọ̀dọ̀ aṣọ́bodè kọjá.

Ní ti èdè-ìperí, a ti lo "àdúgbò" fún ìpín kọ̀ọ̀kan tí nọ́ńbà rẹ̀ wà lára ìdì ọ̀rọ̀, a sì fi "àgbègbè" sílẹ̀ fún àkójọ tí OpenWrt ń ṣe. "Ojúlé" wù wá ju "àdúgbò" lọ ní ti ìtumọ̀, ṣùgbọ́n a ti nílò rẹ̀ fún àdírẹ́sì ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan. "Èsì" ni a pe ọ̀rọ̀ tí ń padà bọ̀ wá sọ́dọ̀ ẹni tí ó béèrè, èyí tí òfin àkọ́kọ́ ń jẹ́ kí ó kọjá. A mọ̀ pé kò tíì tó, nítorí pé aṣọ́bodè kan náà tún ń gba ìdì tí kì í ṣe èsì gan-an ṣùgbọ́n tí ó bá ìbéèrè náà tan, a kò sì tíì rí ọ̀rọ̀ kan tí yóò gba méjèèjì mọ́ra tí kì yóò gùn jù fún ojú ìwé rúta.